Kíìtì jẹ́ẹ̀tì fún ATV tó gba sáléńsà tuntun: ta ló yẹ kó rà á?

Ẹ ra sáléńsà tuntun fún ATV, ìyẹn ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n ń gùn bí alùpùpù, tán, ẹni tó tà á fún yín á ní kí ẹ mú páálí kékeré kan kún un, kí kábúrétọ̀, ẹ̀rọ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, lè bá a mu. Kíìtì jẹ́ẹ̀tì nìyẹn: jẹ́ẹ̀tì ni idẹ kékeré oníhò tó ń wọn epo nínú kábúrétọ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ wúlò, kì í ṣe ẹ̀tàn. Àmọ́ ọ̀pọ̀ tó ń rà á ni kò nílò ju jẹ́ẹ̀tì méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n ń tà ní ẹyọ ẹyọ lọ, àwọn mìíràn sì wà tí iṣẹ́ yìí ò lè pé fún láìsí i. Irú kábúrétọ̀ tó wà lára ẹ́ńjìnnì ló pààlà sáàárín àwọn méjèèjì. Irú sáléńsà tí ẹ rà kò fi bẹ́ẹ̀ kàn án.

Kí ẹ tó náwó rárá, ẹ wò ó bóyá kábúrétọ̀ tiẹ̀ wà níbẹ̀. Yamaha Raptor 700 kò ní kábúrétọ̀ láti ìgbà tó ti jáde ní 2006, bẹ́ẹ̀ náà ni YFZ450R tó jáde ní 2009. Kọ̀ǹpútà ló ń wọn epo fún àwọn yẹn, ohun tí wọ́n nílò sì ni ẹ̀rọ tó ń yí ìṣirò kọ̀ǹpútà náà padà. YFZ450 tí kò ní R lẹ́yìn, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004, kábúrétọ̀ ló wà lára tiẹ̀. Orúkọ méjèèjì jọra débi pé ó rọrùn láti ra kíìtì ọ̀kan fún èkejì, nítorí náà ẹ ka lẹ́tà tó kẹ́yìn dáadáa.

Ohun tí sáléńsà ń ṣe fún epo

Láti ilé iṣẹ́ ni epo ọ̀pọ̀ ATV ti máa ń wà ní bèbè àìtó, torí òfin èéfín. Tí a bá fi ìwúwo wọ̀n ọ́n, afẹ́fẹ́ 14.7 sí epo 1 ni bẹntiróòlù fi ń jó tán láìṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n nígbà tí tọ́rótù, ohun tí a ń tẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè sáré, bá ṣí gbayawu, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ láàárín nǹkan bí 12.5 àti 13.2 sí epo 1 ni ẹ́ńjìnnì ti ń lágbára jù, ìyẹn ni pé epo gbọ́dọ̀ pọ̀ díẹ̀ ju èyí tó lè jó tán. Sáléńsà tó fẹ̀ nínú máa ń jẹ́ kí èéfín tètè jáde, kí sílíńdà sì kún fún afẹ́fẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ihò jẹ́ẹ̀tì kò fẹ̀ sí i, nítorí náà epo tó ti fẹ́ẹ́ má tó tẹ́lẹ̀ á wá kéré ní tòótọ́.

Bí ẹ bá tún yọ ìdérí àpótí afẹ́fẹ́, ọ̀rọ̀ náà á le ju ti sáléńsà lọ. Ìfàmọ́ra tó wà nínú ọ̀nà kábúrétọ̀ ló ń fa epo sókè láti inú igbá, ìyẹn ife kékeré tó ń gba epo dúró lábẹ́ rẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá ń wọlé láìsí ìdíwọ́, ìfàmọ́ra yẹn á rọ̀, epo tó ń gòkè á sì dínkù nígbà tí afẹ́fẹ́ ń pọ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó yí sáléńsà nìkan fi lè ṣe é pẹ̀lú jẹ́ẹ̀tì tó ga ní nọ́ńbà kan sí mẹ́ta, tí ẹni tó yí sáléńsà àti páìpù rẹ̀ látòkèdélẹ̀, tó fi fílítà tó ń mí dáadáa sí i, tó sì ṣí ìdérí, fi lè nílò nọ́ńbà mẹ́rin sí mẹ́fà.

Àmì àìtó epo kò ṣòro mọ̀. Ẹ́ńjìnnì á máa bèèrè ṣókù, ohun tó ń mú kí epo pọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, fún ìgbà pípẹ́ kó tó gbóná. Ẹ tẹ tọ́rótù lójijì, á kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tó fẹ́ kú kó tó gbéra. Ẹ fi tọ́rótù sílẹ̀, ìró rẹ̀ ò ní tètè sọ̀kalẹ̀ wá sí sílò, ìyẹn ìró jẹ́jẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń ní nígbà tí ẹ kò bá tẹ tọ́rótù. Ẹ sì máa sọ̀kalẹ̀ òkè pẹ̀lú tọ́rótù ní títì, á máa yìnbọn láti inú sáléńsà.

Ìbọn yẹn nìkan kò tó ẹ̀rí o. Sáléńsà tó ń jò lójú ìsopọ̀ náà máa ń yìnbọn, torí afẹ́fẹ́ tútù ń gba ibẹ̀ wọlé láti tan epo tó ṣẹ́kù nínú páìpù. Kò sí jẹ́ẹ̀tì tó lè wo ìyẹn sàn. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni kí ẹ fi sí ibi tí páìpù ti wọ orí ẹ́ńjìnnì, ẹ má ṣe dá ti àtijọ́ padà. Lẹ́yìn náà, ẹ tan ẹ́ńjìnnì nígbà tó ṣì tutù, ẹ fi ọṣẹ olómi pa gbogbo ojú ìsopọ̀, kí ẹnì kan fi aṣọ nínípọn dí ẹnu sáléńsà díẹ̀. Ibi tó bá ń hó ló ń jò. Ẹ yẹ rọ́bà tó so kábúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì wò náà: ẹ fín omi ìfọ-kábúrétọ̀ díẹ̀ yí i ká nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà lórí sílò, ẹ má fín in sí sáléńsà gbígbóná. Tí ìró ẹ́ńjìnnì bá yí padà, rọ́bà náà ti ya tàbí kò dì dáadáa. Ẹni tó bá yí jẹ́ẹ̀tì lórí rọ́bà tó ya á kàn máa fi epo bo ihò mọ́lẹ̀ ni.

Ohun tó wà nínú páálí

Jẹ́ẹ̀tì ńlá mẹ́ta sí mẹ́rin, èyí tó ń fún ẹ́ńjìnnì lépo nígbà tí tọ́rótù bá ṣí tán, ló sábà máa ń wà níbẹ̀, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ kan tó ní ojú kílíìpù márùn-ún tàbí mẹ́fà, kílíìpù rẹ̀, wáṣà tín-ín-rín, sípíríǹgì kan fún sílàìdì (ohun tó ń gòkè sọ̀kalẹ̀ nínú kábúrétọ̀ láti ṣí ọ̀nà afẹ́fẹ́, tí abẹ́rẹ́ so mọ́), ẹnu dírílì kan tàbí méjì, sìkúrúù kan tó ń gbẹ́ ọ̀nà ara rẹ̀ wọlé, àti ìwé ìlànà. Jẹ́ẹ̀tì kékeré, èyí tó ń fún ẹ́ńjìnnì lépo lórí sílò, kì í sábà sí nínú rẹ̀. Àbùkù ńlá ni, torí ibi tí ẹni tó yí sáléńsà ti kọ́kọ́ máa ń rí ìyọnu gan-an ni jẹ́ẹ̀tì kékeré ń bójú tó. Ẹ ra ìyẹn lọ́tọ̀: ọ̀kan tó fi ìpele kan ga ju tiyín lọ, ọ̀kan tó fi ìpele méjì ga. Fún Keihin, ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kábúrétọ̀, bíi 38, 40, 42, 45 ni wọ́n ṣe ń lọ. Ti Mikuni, ilé iṣẹ́ kábúrétọ̀ mìíràn, sábà máa ń fi 2.5 gòkè, bíi 20, 22.5, 25.

Nọ́ńbà orí jẹ́ẹ̀tì ló ń kó àwọn èèyàn sí wàhálà jù. Keihin ní ọ̀nà tirẹ̀ tó fi ń kọ nọ́ńbà, Mikuni ní tirẹ̀, Dynojet tó ń ṣe kíìtì náà sì ní tirẹ̀ tó yàtọ̀ sí ti àwọn méjèèjì. 150 ti ọ̀kan kì í ṣe 150 ti èkejì. Ẹni tó bá yọ jẹ́ẹ̀tì Mikuni 150, tó wá rí 145 nínú páálí kíìtì, kò lè sọ pé epo máa dínkù. Bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú jẹ́ẹ̀tì kíìtì kan, ilé iṣẹ́ yẹn náà ni kí ẹ ti máa ra ìyókù, tàbí kí ẹ padà pátápátá sí ti ẹni tó ṣe kábúrétọ̀. Àdàlù ni kò dáa.

Abẹ́rẹ́ ni owó kíìtì wà lé lórí. Láti nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin tọ́rótù títí dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, abẹ́rẹ́ yìí ló ń pinnu epo tó ń gòkè, ibẹ̀ gan-an sì ni a ti ń lo ATV jù. Kábúrétọ̀ CV, ìyẹn èyí tí ìfàmọ́ra afẹ́fẹ́ ń gbé sílàìdì rẹ̀ sókè dípò okùn tọ́rótù, sábà máa ń wá pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tí ojú kílíìpù rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Kò sí ibi tí ẹ lè gbé e sí. Irú rẹ̀ ló wà lára Suzuki LT-Z400 títí di 2008, àti Yamaha Raptor 660 tó ní kábúrétọ̀ Mikuni méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Fún àwọn wọ̀nyí, mo gbà pé kí ẹ ra kíìtì láìṣiyèméjì. Ìrísí abẹ́rẹ́ tuntun yàtọ̀ sí ti àtijọ́, bó ṣe ń tín-ín-rín lọ sísàlẹ̀ kì í ṣe bákan náà, wáṣà kò sì lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

Síbẹ̀, ẹni tó kàn yí ìparí sáléńsà, tí ìdérí àpótí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ṣì wà ní ipò rẹ̀, lè kọ́kọ́ gbìyànjú wáṣà. Wáṣà M3 kan nípọn tó nǹkan bíi mìlímítà 0.5. Ẹ fi ẹyọ kan sí abẹ́ kílíìpù, abẹ́rẹ́ á gòkè ní ìwọ̀n yẹn, epo àárín tọ́rótù á sì pọ̀ sí i. Ẹyọ méjì ni kí ẹ dúró lé. Bí èyí bá tó, owó kíìtì dúró sápò.

Sípíríǹgì àti ẹnu dírílì ni mi ò fẹ́ràn. Ohun tí ìwé máa ń sọ ni pé kí ẹ fi ẹnu dírílì yẹn fẹ ihò ìfàmọ́ra tó wà nísàlẹ̀ sílàìdì, kí ẹ sì fi sípíríǹgì tó rọ̀ rọ́pò ti àtijọ́, kí sílàìdì lè máa tètè gòkè. Ó ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ihò tí a ti fẹ̀ kò ṣeé dá padà, sílàìdì mìíràn ni ẹ máa rà tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn. Tí sílàìdì bá sì ń gòkè ju bí ẹ́ńjìnnì ṣe lè lo afẹ́fẹ́ lọ, ẹ máa tẹ tọ́rótù lójijì, ẹ́ńjìnnì á sì rọ̀ jọ̀ọ́ kó tó gbá. Ẹ tún gbogbo nǹkan mìíràn ṣe tán ná. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ ò ní rí ìdí fún dírílì mọ́.

Stage 1, Stage 2 àti Stage 3 tí ẹ máa rí lára páálí kì í ṣe ìwọ̀n agbára, bí àwọn tó ń tà á tilẹ̀ ń sọ ọ́ bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni. Bí ọ̀nà afẹ́fẹ́ ṣe ṣí tó ni wọ́n ń sọ. Stage 1 wà fún ẹ́ńjìnnì tí àpótí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò yí padà, pẹ̀lú sáléńsà tuntun tàbí láìsí. Stage 3 wà fún ẹni tó ti yọ àpótí náà kúrò, tó so fílítà mọ́ ẹnu kábúrétọ̀ tààrà. Ẹni tó ra Stage 3 nítorí pé mẹ́ta ju ọ̀kan lọ á kàn máa rí èéfín dúdú ni.

Àwọn tí kò nílò kíìtì

Kábúrétọ̀ Keihin FCR tó wà lára Honda TRX450R àti YFZ450 ti ní abẹ́rẹ́ tó ṣeé gbé sókè àti sílẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Okùn tọ́rótù ló ń fa sílàìdì rẹ̀, nítorí náà kò sí sípíríǹgì tàbí ihò kankan láti fẹ̀. Jẹ́ẹ̀tì ńlá mẹ́ta tó tẹ̀ léra pẹ̀lú jẹ́ẹ̀tì kékeré kan tí wọ́n ń tà ní ẹyọ kò tó owó páálí kan, nọ́ńbà wọn á sì bá èyí tó wà nínú ẹ́ńjìnnì yín mu.

Yamaha Banshee náà kò nílò ju jẹ́ẹ̀tì lọ, ṣùgbọ́n méjì méjì ni kí ẹ rà wọ́n torí kábúrétọ̀ méjì ló ní. Ẹ́ńjìnnì two-stroke ni, ọ́ìlì inú epo ló sì ń mú kí písítìnì rẹ̀ máa rìn geere. Àìtó epo níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kí ẹ́ńjìnnì máa yìnbọn lásán. Písítìnì lè yọ́ tàbí kó gan mọ́ sílíńdà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí tọ́rótù bá ṣí tán. Láti òkè, níbi tí epo ti pọ̀ jù, ni kí ẹ ti máa sọ̀kalẹ̀ wá sí ibi tó dáa. Ẹ má ṣe máa gun òkè láti ibi tí kò tó.

Jẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú tí kò ní àmì ilé iṣẹ́ lára, ẹ yẹra fún un. Ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ẹ máa rí i pé etí ihò rẹ̀ rí gbágungbàgun, pé ihò méjì tó ní nọ́ńbà kan náà kò fẹ̀ bákan náà. Kí ẹ máa fi dírílì fẹ jẹ́ẹ̀tì àtijọ́ burú ju ìyẹn lọ. Ẹ má sì ki wáyà bọ ihò jẹ́ẹ̀tì láti fọ̀ ọ́. Omi ìfọ-kábúrétọ̀ àti atẹ́gùn tó.

Bí ẹ ṣe máa fi sí i

Ìwé inú páálí máa ń fo àwọn ibi tó lè bà yín lọ́wọ́ jẹ́. Àkọ́kọ́ ni orí sìkúrúù. Ti kábúrétọ̀ Japan kì í ṣe Phillips (orí onígbèlébùú tí a mọ̀) gan-an bó tilẹ̀ jọ ọ́, JIS, ìwọ̀n àwọn ará Japan, ni. Sìkúrúdíráfà Phillips lásán á yọ̀ lójú rẹ̀, á sì jẹ orí sìkúrúù náà run. Ẹ wá èyí tó bá a mu, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa kí ẹ tó yí i.

Ẹ ti epo láti inú táńkì, ẹ ṣí sìkúrúù ìsàlẹ̀ igbá kábúrétọ̀, kí epo inú rẹ̀ ṣàn sínú ike. Ẹ tú ìdè rọ́bà iwájú àti ẹ̀yìn. Lára ọ̀pọ̀ ATV, ẹ lè yí kábúrétọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìyọ ọ́ tán, kí ẹ sì ṣí igbá rẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ nu ìdọ̀tí tó wà lókè rẹ̀ ná. Iyanrìn tó bá bọ́ sínú rẹ̀ á dí jẹ́ẹ̀tì kékeré, ẹ ó sì máa rò pé nọ́ńbà tí ẹ mú ni kò dáa.

Jẹ́ẹ̀tì ńlá ló wà láàárín. Sípánà kékeré tàbí sìkúrúdíráfà aláfẹ̀ẹ́jẹ́ ni ẹ máa fi yọ ọ́. Bí ọ̀pá tó dúró lé bá ń yí tẹ̀ lé e, ẹ fi sípánà mìíràn dì í mú. Jẹ́ẹ̀tì kékeré wà nínú ihò jíjìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Sìkúrúdíráfà tí ẹnu rẹ̀ kún ojú jẹ́ẹ̀tì náà gẹ́lẹ́ ni kí ẹ lò, nítorí idẹ rírọ̀ ni, tí ẹnu rẹ̀ bá sì ti jẹ, inú kábúrétọ̀ ló máa kú sí. Ẹ wé jẹ́ẹ̀tì tuntun wọlé pẹ̀lú ìka, lẹ́yìn náà kí ẹ fún un díẹ̀. Agbára ọwọ́ kò wúlò níbí.

Sìkúrúù epo sílò ni ọ̀rọ̀ dírílì tí mo fara mọ́. Lára ọ̀pọ̀ kábúrétọ̀ CV, wọ́n ti fi ìdérí idẹ kékeré dí i kí ẹnikẹ́ni má bàa fọwọ́ kàn án. Ẹ wé téèpù mọ́ ẹnu dírílì tó fẹ̀ tó mìlímítà 3, kí ó má lè wọlé ju mìlímítà 2 lọ, torí pé orí sìkúrúù wà lẹ́yìn ìdérí náà gan-an. Bí dírílì bá ti ya wọlé, ẹ dúró. Ẹ wé sìkúrúù tó ń gbẹ́ ọ̀nà ara rẹ̀ sínú ihò náà, ẹ fi páláyà fà á, ìdérí á bá a jáde. Kí ẹ tó yọ sìkúrúù epo fúnra rẹ̀, ẹ yí i wọlé títí tó fi kan ìsàlẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ ka iye ìgbà tó yí, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Sípíríǹgì, wáṣà àti òrùka rọ́bà ló tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Òrùka rọ́bà yẹn kéré débi pé ó lè kù sínú ihò, tí ẹ kò bá sì rí i, sílò ò ní dúró sójú kan láé.

Abẹ́rẹ́ wà lókè, lábẹ́ ìdérí kábúrétọ̀. Fún CV, ẹ ṣọ́ra fún rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà létí sílàìdì: bí ó bá ya tàbí kò jókòó sínú ojú ọ̀nà rẹ̀ yíká, sílàìdì kò ní gòkè, ẹ́ńjìnnì á sì kọ̀ láti kọjá ìdajì agbára. Ẹ fi kílíìpù sí ojú àárín. Òkè la ti ń ka ojú kílíìpù. Ẹ rántí pé kílíìpù tó gòkè ń sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀, epo á dínkù. Kílíìpù tó sọ̀kalẹ̀ ń gbé abẹ́rẹ́ ga, epo á pọ̀. Èyí máa ń yí àwọn tó mọ̀ ọ́n lójú pàápàá.

Bí ẹ ṣe máa tún un ṣe

Nọ́ńbà tí ìwé kíìtì bá sọ, ibi ìbẹ̀rẹ̀ lásán ni. Ohun tó ń sọ òótọ́ ni ipò tọ́rótù nígbà tí àbùkù bá fara hàn. Àtàǹpàkò la fi ń ti tọ́rótù ATV, èèyàn sì máa ń rò pé òun wà ní ìdajì nígbà tí kò tíì dé ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ lẹ téèpù funfun mọ́ ara ilé tọ́rótù, ẹ fi bírò fa ìlà sí ibi títì, ìdá kan nínú mẹ́rin, ìdajì, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àti òpin. Láìsí ìlà wọ̀nyí, ìméfò lásán ni ẹ ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, kí ẹ sì ti ṣókù. Fílítà gbọ́dọ̀ mọ́, kó sì wà ní ipò rẹ̀, torí pé jẹ́ẹ̀tì tó bá fílítà ẹlẹ́gbin mu kò ní bá èyí tó mọ́ mu. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí lẹ́ẹ̀kan.

Òpin tọ́rótù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí epo jẹ́ẹ̀tì ńlá máa ń kan apá ibi tí abẹ́rẹ́ ń ṣàkóso. Lórí ọ̀nà gbalasa, ẹ ṣí i tán lórí jíà kẹta tàbí ìkẹrin. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń sọ gbùgbùgbù bí ẹni tí omi há lọ́fun, tí kò fẹ́ gbé ìró rẹ̀ dókè, epo ti pọ̀ jù. Bí ó bá ń lọ geere ṣùgbọ́n tí kò lágbára, ẹ dá tọ́rótù padà díẹ̀, bíi ìdá kan nínú mẹ́jọ: tí ó bá sáré sí i dípò kó dẹ̀, epo kò tó. Fífa ṣókù díẹ̀ nígbà tí tọ́rótù ṣí tán á sọ bákan náà. Bí ó bá dára sí i, ẹ lọ sí jẹ́ẹ̀tì tó ga. Àyàfi two-stroke, tí mo ti ní kí ẹ máa sọ̀kalẹ̀ láti òkè, ẹ máa lọ sókè títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ gbùgbùgbù, kí ẹ wá fi nọ́ńbà kan padà sẹ́yìn.

Púlọ́ọ̀gì tuntun ló lè jẹ́rìí sí i. Ẹ fi sí i, ẹ sáré pẹ̀lú tọ́rótù ní ṣíṣí tán, ẹ fa kílọ́ọ̀ṣì, ẹ sì pa ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú bọ́tìnnì láìdá tọ́rótù padà sí sílò. Tí ẹ bá jẹ́ kó sílò padà wá sílé, àwọ̀ sílò ni ẹ máa kà. Ìsàlẹ̀ funfun inú púlọ́ọ̀gì, níbi tó ti wọ irin, ni kí ẹ wò: òrùka àwọ̀ ilẹ̀ tín-ín-rín dára, funfun gbáú pẹ̀lú ẹ̀kán kékeré tó ń dán túmọ̀ sí ìgbóná àìtó epo, dúdú gbígbẹ túmọ̀ sí epo púpọ̀. Bẹntiróòlù òde òní kì í fi àwọ̀ sílẹ̀ púpọ̀, nítorí náà bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń lọ ni kí ẹ gbà gbọ́ jù.

Àárín ló kàn. Ẹ di tọ́rótù mú sí ìdajì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń lọ ségesège, tó ń já tó ń fà, ẹ sọ kílíìpù kalẹ̀ ní ojú kan. Bí ó bá wúwo, tó ń sọ gbùgbùgbù, ẹ gbé kílíìpù gòkè.

Sílò ló gbẹ̀yìn, òun ló sì ń gba sùúrù jù. Ẹ kọ́kọ́ mọ irú sìkúrúù tí ẹ ní. Èyí tó wà lápá ẹ́ńjìnnì, epo ló ń wọn. Ẹ tú u jáde, epo á pọ̀. Èyí tó wà lápá àpótí afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ ló ń wọn. Ẹ tú u jáde, epo á dínkù. Two-stroke ló sábà máa ń ní èyí kejì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìyípo kan ààbọ̀ sí méjì síta, kí ẹ máa yí i ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo, kí ẹ sì dúró kí ẹ́ńjìnnì gbọ́. Ibi tí ìró rẹ̀ bá ti ga jù tó sì dúró jẹ́jẹ́ ni ibi tó dáa. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá dá sílò sí ìwọ̀n pẹ̀lú sìkúrúù ńlá. Bí sìkúrúù epo bá kọjá ìyípo mẹ́ta síta kó tó dára, jẹ́ẹ̀tì kékeré kò tó, ẹ gbé e ga ní ìpele kan. Bí kò bá ju ìyípo kan lọ, ó ti tóbi jù. Fún sìkúrúù afẹ́fẹ́, ẹ yí èrò náà padà sódì.

Ohun tí kíìtì ò lè ṣe

FCR ní pọ́ǹpù kékeré tó ń tú epo sínú ọ̀nà afẹ́fẹ́ nígbà tí ẹ bá tẹ tọ́rótù lójijì. Bí pọ́ǹpù yẹn bá tú epo pẹ́ jù tàbí tí ó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á gbé e mì, á fẹ́ kú, kò sì sí jẹ́ẹ̀tì ńlá tó lè tún un ṣe. Òrùka rọ́bà tí àwọn èèyàn máa ń so mọ́ apá pọ́ǹpù náà, kí ó lè tètè dáhùn, ló ń ṣe é, ó sì dín owó ju kíìtì lọ.

Fulótì, ohun tó ń léfòó nínú igbá láti pinnu ibi tí epo ga dé, tí gíga rẹ̀ kò tọ́ náà máa ń tan èèyàn. Tí epo inú igbá bá ga jù, gbogbo ipò tọ́rótù á ní epo púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ó bá lọ sílẹ̀ jù, gbogbo wọn á ṣàìtó. Nígbàkigbà tí àbùkù bá rí bákan náà níbi gbogbo, ẹ wọn fulótì bí ìwé ATV yín ṣe sọ kí ẹ tó tún ra jẹ́ẹ̀tì. Ẹ fọwọ́ kan ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì náà lẹ́yìn iṣẹ́: tí ó bá ń rùn bí bẹntiróòlù, epo tó pọ̀ jù ti fọ ara sílíńdà wọnú rẹ̀, ẹ dà á nù kí ẹ tó gùn ún.

Ẹ tọ́jú abẹ́rẹ́, sípíríǹgì àti jẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sínú páálí kíìtì náà, pẹ̀lú ìwé tí ẹ kọ nọ́ńbà, ojú kílíìpù, iye ìyípo àti bí ojú ọjọ́ ṣe rí sí. Otútù ń bèèrè epo sí i, orí òkè ń bèèrè kó dínkù: fún gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 1,000 tí ẹ bá gòkè, ìyẹn nǹkan bíi mítà 300, ẹ́ńjìnnì ń pàdánù tó ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀. Ẹni tó bá ń gun ATV rẹ̀ létí òkun àti lórí òkè gíga á lo jẹ́ẹ̀tì méjì yàtọ̀, àwọn tó ṣẹ́kù nínú páálí á sì wúlò fún un níbẹ̀.